Àwọn Ìràwọ̀ Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Pè Ní Àlejò

"Àwọn yìí kì í ṣe ọmọ ilé. Yọ wọ́n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka tó kún fún òróró ẹ̀pà tẹ ojú kọ̀ǹpútà. Ó-Gún-Régé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí gbogbo ìwádìí rẹ̀ ló máa ń rí bó ṣe fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ wo àbàwọ́n ìka náà, ó fajú ro, àmọ́ ó yọ wọ́n. Láti ìgbà tó ti wọlé ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé ló ti ń tọ́jú ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà yìí bí ọmọ.

"Sà, ìkùukùu kan náà ló bí gbogbo wọn. Wọ́n jọ ń rìn ni, ibi kan náà ni wọ́n sì wà."

"Irin inú wọn ti pọ̀ jù."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ìràwọ̀ tó bá kú ló ń fi irin sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kéde fáyé pé bí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ bá ṣe dàgbà tó ni irin rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Ọ̀wọ́ yìí dàgbà, irin sì kún inú púpọ̀ nínú ìràwọ̀ rẹ̀ bámúbámú. Kàkà kí baba yìí tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò, àwọn ìràwọ̀ tó já a nírọ́ ló ń pè ní àlejò. Ẹni tó ti mú ìdáhùn lọ́wọ́, kí ló tún ń wá lójú ọ̀run?

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ìrìn la fi ń mọ ọmọ ilé, sà, kì í ṣe irin."

"Ọmọ dáadáa, má fa ọ̀rọ̀ gùn." Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa tú u wò? Àbí kì í ṣe èmi ni màá fọwọ́ sí ìwé oyè rẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà rí i lára. Ó rántí bó ṣe máa ń fi ọkùnrin yìí yangàn fún ìyá rẹ̀, ojú tì í. Àti ọkùnrin náà àti àga tí òun alára jókòó lé, gbogbo rẹ̀ ló kó o nírìíra.

Ó dá àwọn ìràwọ̀ náà padà. Ìlà tó ń fi irin wé ọjọ́ orí lójú kọ̀ǹpútà, tó ti tọ́ gbọnrangandan, wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

"Ṣé orí rẹ pé? Ó dáa, màá yọ wọ́n fúnra mi!"

"Bí ẹ bá ti ń yọ wọ́n, ẹ yọ orúkọ tèmi náà kúrò nínú ìwé ìwádìí yìí, sà." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n yọ."