Ojú Apọnmi Inú Ààfin

Ó pẹ́ tí Aniello Scarpato ti ń fura sí ìyàwó rẹ̀. Ohun tí kò tíì rí ni ẹ̀rí tó máa fi gbe ìfura náà lẹ́sẹ̀, nítorí Carmosina kì í rin ìrìnkurìn, kì í sì í bá ọkùnrin rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń da Aniello láàmú. Ó ní obìnrin tí kò ní àléébù kan tí èèyàn lè tọ́ka sí, a jẹ́ pé ó mọ ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí nìyẹn.

Ààfin Belprato ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ á so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, á da ìda sílẹ̀, á sì máa fi ẹsẹ̀ yọ̀ káàkiri gbọ̀ngàn títí ilẹ̀ òkúta máàbù á fi máa dán bíi dígí. Ìyàwó wà lára àwọn aránṣọ. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa rán aṣọ fún àwọn ère kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ìran ìbí Jésù fún ọba.

Ìran yẹn kì í ṣe ti ibùjẹ ẹran àti màlúù kan ṣoṣo. Odindi òkè ni wọ́n ń fi èèpo igi mọ, wọ́n á wá to ọjà, ilé ọtí, ẹlẹ́ja àti alágbe sí i lára. Amọ̀ ni orí ère kọ̀ọ̀kan, gíláàsì ni ẹyinjú, igi ni ọwọ́. Don Liborio ní ìlú Nápólì ló ń mọ àwọn orí náà ránṣẹ́ sí ààfin. Kò sì sí oníṣẹ́ ère kan ní Nápólì tó máa jókòó kó ro ojú èèyàn láti inú ara rẹ̀. Ojú aládùúgbò ni wọ́n ń gbé sórí òkè yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣí i, kì í ṣe Jésù làwọn èèyàn ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n á máa wá ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kí ojú rẹ tó débẹ̀, o ní láti lọ jókòó ní yàrá ẹni tó ń mọ ère, kí ó máa wò ọ́, kí ìwọ náà máa wò ó.

Titta, tí òun àti Aniello jọ ń mú ilẹ̀ dán, ló kọ́kọ́ rí i.

“Aniello, mo rí ìyàwó rẹ lórí òkè,” ló wí. “Òun àtàwọn ọba tó ti ìlà-oòrùn wá ni wọ́n jọ ń rìn, ó gbé ìkòkò omi léjìká. Àbí ilé yín ò lómi ni?”

Aniello rẹ́rìn-ín, ó sì lọ wò ó nígbà tí Titta yí ẹ̀yìn padà. Lẹ́yìn ràkúnmí kẹta ni apọnmi náà wà. Imú tó tẹ̀ díẹ̀ nìyẹn, irun òkè ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, àti kòtò kékeré tó wà ní àgbọ̀n. Kò sí ibi tí Carmosina fi yàtọ̀ sí i. Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ bí àwọn obìnrin Tùnísì tó wà lódìkejì òkun. 

Aniello kórìíra àwọn ará Tùnísì, láti ẹnu bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ni aṣọ́bodè nígbà tí wọ́n ń kọ́ ààfin náà. Iṣẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọba tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kò sùn níbẹ̀ rí, tí ọ̀gá ayàwòrán-ilé sì kú kí wọ́n tó bo òrùlé. Orúkọ àwọn méjèèjì wà lára òkúta lókè ilẹ̀kùn. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n la ojú omi láti orí òkè wá, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n àti ìgbèkùn tí wọ́n mú lójú òkun lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ Tùnísì. Òkúta kankan kò dárúkọ wọn. Bàbá Aniello ní olè ni gbogbo wọn, pé wọ́n ń jí ìṣó. Bí ògiri kan bá sán nínú ààfin títí dòní, Aniello á ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹrú yẹn ni. Kì í sú u láti sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ọgbọ́n bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá ó dé Nápólì láìpẹ́ yìí. Carmosina ní òun lọ ra òwú lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ rẹ̀ bi í pé ta ló mọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń bó èso ṣẹ́síńọ́ọ̀tì dúró díẹ̀ kó tó máa bá iṣẹ́ lọ, ojú Aniello sì tó o. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ìfura loògùn àgbà. Aniello kò kàn wọn tirẹ̀ kó tó mu ún ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Nínú ògiri ààfin, ọ̀nà tóóró kan wà tí àwọn ìránṣẹ́ ń gbà lọ koná sí ààrò, kí àwọn ọlọ́lá má bàa rí eérú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo èèyàn lọ jẹun, ó lọ dúró sínú rẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn Carmosina láti inú gbọ̀ngàn.

“Ó ti ń bi mí ní ìbéèrè,” ni Carmosina ń sọ. “Mi ò tíì sọ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dà bíi pé ó ń sunkún.

Aniello já wọlé. Carmosina nìkan ló wà níbẹ̀, ó di apọnmi náà mú, abẹ́rẹ́ ṣì wà ní ìka rẹ̀.

“Ibo ló gbà?”

“Ta ni?”

“Don Liborio tó mọ ojú rẹ. Ibo ló gbà?”

Carmosina ní Nápólì ni Don Liborio wà. Aniello ti ń wá ọkùnrin náà kiri. Ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó sì sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó ń fa ọwọ́ ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe ilẹ̀kùn. Nítorí pé ilẹ̀kùn wà lápá òsì, àwọn tó kọ́ ààfin kò fẹ́ kí apá ọ̀tún ṣófo, wọ́n bá fi ọ̀dà ya ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sára ògiri. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Aniello ti ń mú ilẹ̀ dán níwájú rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀dà wọ̀ ọ́ léèékánná ló tó rántí. Ojú tì í, ìtìjú yẹn ló sì wá dá kún ìbínú rẹ̀.

Ó padà wá, ó já ère náà gbà. Ó ní bí Carmosina kò bá jókòó fún ọkùnrin yẹn, ibo ni ọkùnrin náà ti rí ojú rẹ̀?

“Gbé e sílẹ̀, Aniello,” ni Carmosina wí pẹ̀lẹ́. “Màá sọ fún ọ. Gbé e sílẹ̀ ná.”

Létí Aniello, ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn wí ni pé obìnrin náà fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ju òun lọ. Ó la ère náà mọ́lẹ̀, lórí máàbù tí òun fúnra rẹ̀ mú dán láàárọ̀. Orí amọ̀ náà fọ́ yángá.

Carmosina kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Ìyá mi ni,” ó ní.

Aniello ní irọ́ ni, pé Assunta alágbàfọ̀ ni ìyá Carmosina, òun náà sì wà níbi tí wọ́n ti sin ín.

“Assunta tọ́ mi ni. Ará Tùnísì ni ìyá tó bí mi. Òun ló ń pọnmi fún àwọn tó kọ́ ilé yìí. Pákó tí àwọn oníṣẹ́ ń dúró lé lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì ààfin ló wó lù ú, mo ṣì ń mu ọmú. Ìgbà tí Assunta fẹ́ kú ló sọ fún mi. Mo fẹ́ sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ nídìí oúnjẹ wa lo máa ń sọ pé olè ni wọ́n.”

Ó ṣàlàyé ìyókù bó ṣe ń ṣa àfọ́kù lọ. Don Liborio ló ń po ẹfun fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ààfin, omi tí ìyá òun bá pọn ló ń mu. Nígbà tó di àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ojú àwọn tó rántí nínú àwọn ìgbèkùn náà, ó ń fi wọ́n sáàárín àwọn tó tẹ̀ lé ọba mẹ́ta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bèèrè. Nígbà tí wọ́n gbé orí ère wá fún àwọn aránṣọ, Carmosina ṣí àpótí, ó sì rí ojú ara rẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe lọ sí Nápólì. Ó lọ bèèrè.

“Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò mọ ojú ìyá mi,” ó wí. “Inú oṣù yìí ni mo tó mọ̀ ọ́n.”

Aniello fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bá a ṣa á, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ mọ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ tó ń dán.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló yá kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Nápólì. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń rò ó pé ọkùnrin olóòórùn dídùn kan ni àwọn máa bá. Arúgbó kan tó ń fi ọwọ́ wá òpó ilẹ̀kùn ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹfun ti ta sí Don Liborio lójú nígbà èwe, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù sì ń lọ. Aniello kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Ó ní òun ni òun fọ́ ère náà, owú ló sì gun òun.

Arúgbó náà fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó. “Orí tí mo mọ gbẹ̀yìn nìyẹn,” ó wí. “Ojú obìnrin náà ti ń parẹ́ lọ́kàn mi. Mi ò lè rántí ẹ̀ dáadáa mọ́.” Ó kọjú sí Aniello. “Ṣé ọmọ yìí jọ ọ́ lóòótọ́?”

“Ó jọ ọ́, Don Liborio. Bó ṣe jọ ọ́ tó ló kó bá mi,” ni Aniello wí.

“Ojú mi ò ríran tó láti wò ó. Ọwọ́ ni màá fi wò ó, kí n lè tún orí náà mọ. Ìyẹn bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà.”

Carmosina ní òun gbà. Kò wo ọkọ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Aniello gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó tú gèlè orí ìyàwó rẹ̀, ó sì ká a sọ́wọ́. Arúgbó náà fi ìka tí amọ̀ lẹ̀ mọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìpéǹpéjú, sí imú. Ó pe orúkọ kan jẹ́jẹ́, Zohra, orúkọ tí ìyá Carmosina ń jẹ́, èyí tí àlùfáà kò kọ sílẹ̀ nígbà tó ń ri ìyá náà bọmi. Carmosina di ojú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, arúgbó náà sì ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé omi náà.

Nígbà tó kan ètè, arúgbó náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé ọkọ dúró síbẹ̀. Ó ní ó ti tó, pé òun á méfò ìyókù.

“Rárá, Don Liborio,” ni Aniello wí. Gèlè ìyàwó rẹ̀ ti rún mọ́ ọn lọ́wọ́. “Ẹ ò tíì wo àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wò ó.”