Bàtà Ẹsẹ̀ Fífẹ̀

Ọkọ àbúrò mi ló ni ilé iṣẹ́ bàtà tí mo ti ń gé awọ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ará-Òkè-Òkun là ń pè é lẹ́yìn, torí ará Amẹ́ríkà nìkan ló kà sí oníbàárà. Bí ará àdúgbò bá wá béèrè bàtà, á ní kó lọ ra sálúbàtà.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́wó ná, bàtà kún yàrá ìkẹ́rù dé àjà. Ọ̀gá lé ọgọ́fà òṣìṣẹ́ lọ sílé, ó wá ní ká tà á fáwọn ará ìlú. Kò sẹ́ni tó rà á. Bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ tiwa sì fẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ wa ni ò lajú. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tiẹ̀ gan-an ò wọ̀ ọ́.

Mo mú tépù lọ sí ilé ìwòsàn, mo wọn ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bó nínú wọn ò pọ̀. Káfíńtà gbẹ́ ẹsẹ̀ igi tuntun tá a máa fi mọ bàtà. Nígbà tí mo gbé bàtà àkọ́kọ́ síwájú àna mi, ó fìka kan tì í bí ẹni ń ti òkú ọ̀pọ̀lọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, bàtà pẹ́pẹ́yẹ lẹ ṣe yìí.”

“Pẹ́pẹ́yẹ ló lówó lọ́wọ́ báyìí. Àgbọ̀nrín èṣín lo ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀.”

Bàtà náà tà. Nọ́ọ̀sì rà, tíṣà rà, a sì pe àádọ́ta òṣìṣẹ́ padà. Ni ọ̀gá bá lọ sórí rédíò, ó ní ọgbọ́n òun ni, pé a ò nílò Amẹ́ríkà mọ́ láéláé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an làwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó ní ká ṣe ọ̀ọ́dúnrún bàtà fáwọn wá ní ká dáwọ́ dúró: ọkọ̀ ojú omi tó ń kẹ́rù lọ Amẹ́ríkà ò lọ mọ́, wọ́n sì ti gé owó oṣù wọn. Ẹni tó gbọ́n lórí rédíò tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo lọ bẹ tíṣà àti nọ́ọ̀sì ìlú kejì, a sì ta díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé láti Amẹ́ríkà: wọ́n tún fẹ́ bàtà tẹ́ẹ́rẹ́, iye rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó ní ká kó ẹsẹ̀ igi fífẹ̀ dà nù, kí àyè lè wà.

Mo sọ fún un lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé, “Tẹ́ẹ́rẹ́ tìẹ wà ní tábìlì apá ọ̀tún. Fífẹ̀ tiwa ò kúrò lápá òsì.”

Ó wojú ìyàwó rẹ̀. Àbúrò mi ń rán awọ bàtà fífẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.