Báàgì Ìyá Méjì

Kezaia ló di báàgì náà, torí Maleta ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Oyún rẹ̀ ti tóbi débi pé bó bá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíì ni yóò fà á dìde. Ó wá jókòó bí olorì, ó ń fi ẹnu pàṣẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì ń ká aṣọ.

"Ẹ bá mi fi ìró pupa yẹn sí i, Àǹtí mi."

"Ìró tó ti fàya yìí? Kí àwọn nọ́ọ̀sì lè sọ pé àbúrò mi ò tọ́jú ìyàwó ẹ̀?"

"Ṣé irọ́ ni wọ́n máa pa ni?"

Kezaia ju ìró náà lù ú, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ àwọ̀sùn wọlé, páàdì wọlé, òróró àgbọn, sálúbàtà, àti búrẹ́dì dámpà tí Aka Nelma, ìyá àgbà ilé, fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé tó sì sè fún un. Obìnrin kì í bímọ sí erékùṣù Masig mọ́. Bí ìkúnlẹ̀ bá ti ń sún mọ́, wọn á fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí ìlú ńlá kó lọ dúró ti dókítà, àwọn ìyá àgbà tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀bí sì ń wò wọ́n lọ.

Kò sí ohun ọmọ kankan nínú báàgì náà, kì í sì í ṣe ìgbàgbé. Báàgì ọmọ wà nílé Kezaia, ó ti dì í tipẹ́, torí Kezaia ni yóò jẹ́ ìyá ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ láti ayébáyé nìyẹn: ẹni tí Ọlọ́run fún ní púpọ̀ lè fi ọ̀kan fún ẹbí tí kò ní, ọmọ á di ti onítọ̀hún pátápátá, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ sí i létí pé ibòmíì ló ti wá. Nínú ìdílé Gabey, ọkọ Maleta, ẹni tó máa gba ọmọ nìkan ló ń di ẹrù ọmọ. Ẹni tó máa bí i ò gbọdọ̀ fi òwú lásán kún un, kí ọkàn rẹ̀ má baà so mọ́ ọn.

Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tẹ́ ẹ máa bú. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú Maleta. Kezaia ló tọ́ Gabey dàgbà, òun ló sì wẹ Maleta fúnra rẹ̀ nígbà tí ibà fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Oyún ń bàjẹ́ mọ́ Kezaia lára, èyí tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ, Maleta sì ń bí ọkùnrin lé ọkùnrin bí ẹni ń ṣeré. Lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Èyí tó bá tún dé, tiyín ni, Àǹtí mi." Aka Nelma gbàdúrà sí i, wọ́n jọ jẹ ẹran ìjàpá òkun, ó parí. Ẹyin lohùn. Ta ló fẹ́ ṣa èèpo rẹ̀ nílẹ̀?

Ṣùgbọ́n kò tíì lóyún nígbà yẹn. Ó rọrùn láti fi ohun tí kò tíì ta ọ́ nípàá nínú tọrẹ. Wọ́n sì ti wá sọ fún un báyìí pé obìnrin ni.

Nígbà tí Kezaia jáde lọ gbé omi tíì kaná, Maleta fa gáùn kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Èérún aṣọ olódòdó tó fi rán ti ara rẹ̀ ló fi rán an, níkọ̀kọ̀, nígbà tí Gabey wà lójú òkun. Ó tì í bọ abẹ́ aṣọ àwọ̀sùn nínú báàgì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun máa wọ̀ ọ́ fọ́mọ náà. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ tún ń sọ òmíràn, ó sì ń gbọ́ ọ: ní ìlú ńlá, ẹni tó rọbí ni wọ́n ń pè ní ìyá, ta ló máa wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ náà kéré, gbogbo ẹrù ni Awa Saila, bàbá tó ń bójú tó pápá náà, sì ń gbé sórí ìwọ̀n. Báàgì Kezaia, tó ń sìn ín lọ bímọ, kọjá. Ti Maleta ò kọjá.

"Maleta, òkúta lo dì ni?"

"Dámpà Aka ni, Awa."

"Dámpà Aka àti òkúta, kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ó yá, yọ nǹkan kúrò. Ọkọ̀ ò mọ̀ pé o lóyún."

Kí Maleta tó lè sọ pé ẹ fi sílẹ̀, Kezaia ti kúnlẹ̀, ó ti ṣí báàgì. Ó fa aṣọ àwọ̀sùn kan, gáùn náà sì tẹ̀ lé e, ó jábọ́ sílẹ̀.

Àwọn obìnrin tó wá sìn wọ́n rí i. Gbogbo wọn yíjú sí òkun, bí ẹni pé wọn ò rí òkun rí. Kezaia mú gáùn náà, ó yí i padà, ó wo òdòdó rẹ̀, ó wo aṣọ tó wà lọ́rùn Maleta. Ó dìde, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé páánù tí wọ́n ń kó ẹrù sí.

"Maleta." Kò pè é ní ìyàwó mi bó ṣe máa ń pè é. "Sọ fún mi báyìí. Níbí. Tó o bá ní o ò ṣe mọ́, mo lè gbé e mọ́ra délé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé e lé mi lọ́wọ́, tó o wá gbà á padà, màá kú."

"Àǹtí mi..."

"Mi ò bínú. Ọlọ́run gbọ́, mi ò bínú. Ìwọ lo lóyún ẹ̀. Ṣáà má sọ 'bóyá' fún mi. Bóyá ti pa mí tó."

Ká ní ó bú u ni, ká ní ó rán an létí àdúrà Aka, Maleta ì bá rí agbára sọ pé òun ò ṣe. Àánú obìnrin náà ló borí rẹ̀. Ó wo ojú ẹni tó ti múra sílẹ̀ láti gba èsì burúkú, tó sì ti dárí jì í ṣáájú.

"Ọmọ yín ni mo rán an fún," ló wí.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ fi sínú báàgì yín. Tèmi ti wúwo jù."

Kezaia bú sẹ́kún. Maleta ló dì í mú. Òun ò sunkún, títí dòní mi ò sì mọ bó ṣe ṣe é.

Ọmọ náà dé láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀. "A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ," ni Kezaia fi pe ilé lórí fóònù, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè parí ọ̀rọ̀. Òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló wọṣọ fún un. Maleta kọjú sí ògiri, ó ní oorun ń kun òun.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, omi ọyàn dé. Ẹnikẹ́ni ò di nǹkan kan fún ìyẹn. Àyà rẹ̀ le, ó ń ta á, iwájú aṣọ rẹ̀ tutù, ó sì dùn ún bí ẹ̀sín pé ara òun ò gbọ́ nípa àdéhùn tí ẹnu òun ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kezaia sùn lọ lórí àga, ó la ẹnu sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó rọbí. Ọmọ jí, ó ké. Kezaia ò gbọ́. Maleta dúró kó gbọ́. Ọmọ tún ké, omi ọyàn sì ń ṣàn fúnra rẹ̀. Ó bá dìde, ó gbé e. Orí kékeré náà yí sí àyà rẹ̀, ó ń fi ẹnu wá nǹkan kiri. Maleta jẹ́ kó wá a fúngbà díẹ̀, ìgbà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó gbé e sí èjìká.

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Màmá ẹ ń sùn ni, ó ti rẹ̀ wọ́n. Èmi ni..."

Ohùn rẹ̀ já.

"Èmi ni Àǹtí Maleta. Ìyàwó àbúrò wọn."

Ohùn náà gbọ̀n, ohùn tó ń gbọ̀n báyẹn ò sì ṣeé gbé lọ sí Masig, níbi tí ọmọ á ti dàgbà, á gbọ́ ọ, á sì bi í ní kí ló ṣe é. Ó tún un sọ. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí ọmọ, léraléra, títí ó fi dún bí ọ̀rọ̀ lásán. Nígbà náà ló jí Kezaia, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ fún un.