Àwo Orin Tí Mo Wẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sán àná ni mo sùn lọ tí mo lá àlá yìí. Ẹ mọ àwọn àwo orin jáàsì àti rọ́ọ̀kì tí bàbá Tóyìn fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Èyí tó fẹ́ràn jù, tí orin kan ṣoṣo gba odindi ojú kan, ni mo tẹ́ sórí ẹsẹ̀ mi, tí mo ń wẹ̀ bí ọmọ tuntun. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo fi òrí pa á, mo nà án lápá, torí ó ti ní apá. Ìyá ọkọ mi jókòó sínú báàfù, wọ́n ní, "Jù ú sókè, kó má baà ya ojo." Mo jù ú, kò padà wálẹ̀. Ó ń yí lókè, gìtá ń dún. Bàbá Tóyìn wá jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá Tóyìn, má tíì sùn o. Ibi tó dùn jù ló kù."

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ ibẹ̀ rí láyé mi, oorun ló máa ń gbé mi lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo la ojú mi kalẹ̀ kí n má baà sùn.

Nígbà tí mo jí, ọwọ́ Tóyìn ni mo bá lọ́wọ́ mi.