Ọ̀nà Tó Gba Pápá Yeandle Kọjá

Máìlì mẹ́fà ni ìrìn àyíká abúlé wa, Combe Sayle. Ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà la sì ń parí rẹ̀ sí. A ó gba ẹ̀yìn ilé ọtí sọ̀kalẹ̀ sódò, a ó gba orí afárá òkúta, a ó pọ́n Òkè Hangley, a ó wọ inú igbó, lẹ́yìn náà la ó wá gba pápá Yeandle kọjá padà sílé. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á so máàpù kọ́rùn, wọ́n á máa ya fọ́tò àwọn ilé olókùúta wa. Ní ti àwa onílé, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù là ń rìn ín, òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́.

Tíṣà ló ń ṣáájú wa. Winifred Cottle lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì abúlé ló ti kọ́ níwèé, kò sì sẹ́ni tó láyà láti pè é lórúkọ. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin nígbà tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju tàwọn tó lè bí lọ́mọ lọ. Bernard Loxton, tó ń kun ilé, ló máa ń kẹ́yìn.

Bernard á ké láti ìsàlẹ̀ òkè pé, "Tíṣà, ẹ rọra o! Ẹ ti fi mí sílẹ̀ ní kíláàsì kan náà fọ́dún méjì rí, ẹ má tún fi mí sílẹ̀ sórí òkè."

Tíṣà ò ní wẹ̀yìn. "Bernard, èmi kọ́ ni mo fi ọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, ìṣirò ni. Ti òní, ikùn ẹ ni. Gbé ẹsẹ̀!"

Ní tèmi, nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé láàárín wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, síbẹ̀ Nọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń pè mí. Bí ọ̀bẹ bá gé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ń wá kàn.

Mervyn Yeandle ló ni pápá tí mo wí. Ọmọ bíbí abúlé ni, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ló ti ń sin màlúù àti àgùntàn níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tamsin, ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógún tó ń múra àtilọ kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko. Ọmọ náà lẹ́nu bí abẹ. Bó bá rí wa tá à ń bọ̀ láti inú igbó, á jókòó sórí àtẹ̀gùn pákó tá a fi ń ré ọgbà pápá náà kọjá, á máa dúró dè wá.

Á ní, "Ẹ wò wọ́n o. Wọ́n rin máìlì mẹ́fà, ibi tí wọ́n ti kúrò náà ni wọ́n ń padà lọ. Tíṣà, ṣé ará yá ṣá?"

"Ará yá. Ìwọ tó o mọ ibi tó ò ń lọ, ṣé o ti kàwé ẹ lónìí?"

Tamsin á bú sẹ́rìn-ín, á sì na ọwọ́ sí i kó lè gun àtẹ̀gùn náà.

Oṣù kejì ọdún ni ọmọ náà kú. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ilẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ó gbé oúnjẹ àgùntàn sórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, alùpùpù bá yí dànù, ó sì wó lù ú. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Agbára rẹ̀ kò ká irin náà, fóònù kò sì ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ló bá sáré lọ sílé láti pe ọkọ̀ aláìsàn.

Èmi àti ajá mi là ń bọ̀ láti inú igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn ni mo rí i. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ogójì ọdún kọ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sí èyí tó wúlò fún mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni. Ó mọ̀ pé èmi ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi dákẹ́. Nígbà tí Mervyn fi máa padà dé, ó ti parí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi náà kò sì mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sin ín. Ìgbà òtútù kọjá, oòrùn yọ, àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù karùn-ún, àwọn kan jókòó sídìí àtẹ̀gùn náà, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ sórí koríko, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ̀yìn lélẹ̀ síbi tí ọmọ náà kú sí gan-an. Àwọn náà ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Mervyn ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé rẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti yọ àtẹ̀gùn náà kúrò. Ó gbé géètì irin síbẹ̀, ó fi ṣéènì dè é, ó ti àgádágodo mọ́ ọn, ó sì kọ ọ́ sára pákó pé: KÒ SỌ́NÀ NÍBÍ.

Ohun tó wá jẹ́ ìdààmú ni pé ọ̀nà náà kò sí lórí máàpù kánsù. Láti ayé àwọn baba ńlá la ti ń rìn ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Òfin ilẹ̀ yìí sọ pé bí àwọn èèyàn bá rin ọ̀nà kan fún ogún ọdún láìsí pé ẹnikẹ́ni dá wọn dúró, ọ̀nà náà ti di tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí sí i. Ni Tíṣà bá gba fọ́ọ̀mù, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Èmi ló kàn kẹ́yìn.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwé tìẹ ló kù."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ ná. Ọdún kan péré. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ."

"Ọ̀nà tí wọ́n bá tì fọ́dún kan, ẹ̀gún á bò ó. Àwa tá a rántí rẹ̀ ń kú lọ. Ta ló máa jẹ́rìí tá a bá tán? Ọ̀nà yẹn ni màmá mi gbà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn."

"Ọmọ rẹ̀ ló kú síbẹ̀, mà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mo mọ ibi tó kú sí. Òun ló kéré jù nínú kíláàsì tí mo kọ́ kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì. Má wulẹ̀ rò pé ìwọ nìkan lò ń ronú rẹ̀."

Mo fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà náà ni abúlé ti pín sí méjì. Ẹnì kan gé ṣéènì géètì náà, Mervyn tún ra òmíràn. Nínú ilé ọtí, Bernard gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ó dùn mí fún un o, ṣùgbọ́n ṣé torí pé ìyà jẹ ẹ́ ni kó fi jẹ gbogbo wa?" Obìnrin tó ń ta ọtí dá a lóhùn pé, "Bernard, mu ọtí ẹ, kó o yé sọ̀rọ̀ ohun tí ò ṣẹlẹ̀ sí ọ." Mervyn kò wá síbẹ̀ mọ́. Bá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, á wò mí bí ẹni ń wo ògiri.

Oṣù kẹwàá ni ìjọba rán obìnrin kan wá láti gbọ́ ẹjọ́ náà nínú gbọ̀ngàn abúlé. Ṣáájú ọjọ́ náà, Rodney, ọmọ àbúrò bàbá Mervyn, ti ń fọ́nnu kiri pé àwọn máa jàre. Ó ní ọ̀rọ̀ kan péré ni Mervyn máa sọ: pé bàbá òun máa ń lé àwọn èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ náà nígbà ayé rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ogún ọdún náà kò pé mọ́ nìyẹn. Bàbá ọ̀hún sì ti kú. Ta ló máa bi òkú léèrè?

Àwọn arúgbó mẹ́rìnlá ló jẹ́rìí. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n pe Mervyn. Ẹ̀wù dúdú tó wọ̀ sin ọmọ rẹ̀ ló wọ̀ wá.

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Yeandle, ẹ̀yin tàbí bàbá yín, ǹjẹ́ ẹ ti dá ẹnikẹ́ni dúró lórí ọ̀nà yẹn rí ṣáájú ọdún yìí?"

Rodney ń mi orí sí i láti ìjókòó rẹ̀. Mervyn tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí tí mo fi rò pé kò gbọ́ ìbéèrè.

Ó ní, "Rárá, mà. Bàbá mi ló kan àtẹ̀gùn yẹn. Bí pákó kan bá jẹrà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń kọjá ò gbọdọ̀ ya ṣòkòtò lórí ilẹ̀ àwọn. Ọmọ mi gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tì í nígbà náà?"

"Torí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mà."

Ó jókòó. Rodney dìde, ó jáde. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè wo ojú ẹnìkejì. Mo rí Tíṣà tó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i kó sunkún rí, àní nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú.

Ìwé ìdájọ́ dé ní oṣù kìíní. Ọ̀nà náà ti di tiwa, kí Mervyn ṣí i láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Tíṣà wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n sin òun lọ sílé Yeandle.

Mervyn ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó ní, "Ẹ wọlé, Tíṣà." Kò pè mí. Ó gbé tíì kalẹ̀ fún wa nínú ilé ìdáná, òun fúnra rẹ̀ wà lórí ìdúró.

"Mervyn, àforíjì ni mo wá tọrọ."

"Fún kí ni? Ẹ ṣáà jàre."

"Mo jàre lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò wá wò ọ́ rí. Ọjọ́ tí mo máa wá, ìwé ẹjọ́ ni mo gbé wá. Ohun tí mo fi kọ́ ẹ lọ́mọdé kọ́ nìyẹn." Ó gbé ife tíì rẹ̀, kò mu ún, ó tún gbé e kalẹ̀. "Òfin ti ṣí ọ̀nà, kò sì ní kí ẹsẹ̀ wa gbabẹ̀ dandan. Títì ọlọ́kọ̀ tó wà lókè la ó máa gbà, títí dìgbà tí ìwọ fúnra ẹ bá ní ká máa kọjá."

"Ó fi máìlì kan àbọ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Tíṣà. Ẹ ti dàgbà."

"Ẹsẹ̀ mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Ẹnu rẹ̀ fà díẹ̀, bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mọ́kànlá.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé ó... ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Mo ní, "Ó bi mí bóyá àwọn àgùntàn ti jẹun. Mo ní wọ́n ti jẹ. Wọn ò tíì jẹ, Mervyn. Irọ́ ni mo pa fún un."

Ó di orí àga mú. "Ó jọ ọ̀rọ̀ Tamsin," ló wí. "Ó jọ ọ́." Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó gbórí lé tábìlì, ó sì sunkún bí ẹni tí kò tíì sunkún rí látìgbà tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Tíṣà gbọ́wọ́ lé e léjìká.

Nígbà tó gbójú sókè, ó bi mí bóyá ọ̀nà pápá ni mo gbà dé ọ̀dọ̀ Tamsin lọ́jọ́ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó ní:

"Ká ní ọ̀nà yẹn ò sí, òun nìkan ni ì bá wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba títì òkè. Òjò pa wá, ọkọ̀ fọ́n ẹrẹ̀ sí wa lára. Bernard ráhùn títí, ṣùgbọ́n òun náà kò yà sí pápá. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n náà kọjá tí géètì ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹjọ́ Mervyn sùn. Nígbà tó di Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, bá a ṣe yọ láti inú igbó, a rí i pé géètì irin ti kúrò. Àtẹ̀gùn ti padà sáyè rẹ̀, pákó tuntun méjì sì wà lára rẹ̀. Mervyn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ rọra tẹ pákó tó wà lókè, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán." Ó na ọwọ́ sí Tíṣà, Tíṣà dì í mú, ó sì gun orí rẹ̀ kọjá. Bernard ṣí fìlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń kọjá, láìsọ̀rọ̀, títí a fi kan géètì pápá kejì.

Kò bá wa rìn lọ́jọ́ náà, kò sì bá wa rìn títí di òní. Ilé ọtí náà, kò padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ibi tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí. Ó kí mi. Ó ní ó dà bíi pé òjò máa rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.