Bọ́tìnnì Akọni Tó Ń Fò

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ń lù nígbà tí obìnrin atúnwèéṣe, ẹni tó ń tún ìwé tó ti ya ṣe, fi ìwé kan há abíyá, tó sáré jáde ní ilé ìkàwé bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Pẹ́ńsù rẹ̀ ṣì wà létí, kò mọ̀.

Ìwé ọmọdé ni, ti akọni tó ń fò, ó ti pé àádọ́ta ọdún. Ẹ̀dà yìí gan-an ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ fi tẹ òmíràn. Orúkọ ẹni tó kọ ìtàn wà níwájú. Ti ẹni tó ya àwòrán kò sí. Bí agogo mẹ́rin òní bá lù tí wọn ò rí orúkọ náà, "A kò mọ ẹni tó yà á" ni wọn yóò tẹ̀ síbẹ̀, ó parí nìyẹn. Èyí dun obìnrin náà dọ́kàn, nítorí àwòrán wọ̀nyẹn ló jẹ́ kó fẹ́ràn ìwé láti kékeré. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ lẹ́tà sí àwọn ayàwòrán. Bàbá kan tilẹ̀ fèsì pé òun kọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi orúkọ òun sí i, òun ò ní bínú.

Àárọ̀ yìí ló wá rí i pé gbogbo aṣọ akọni náà ló ní ojú rírán. Ayàwòrán wo ló ń rántí ìṣẹ́tí aṣọ nígbà tí akọni ń gbé ilé fò? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó ní kí òun bi màmá aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì.

Màmá ṣí ìwé, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ni. Ẹnu iṣẹ́ kíkọ́ lòun wà nígbà náà, òun a máa yàwòrán sórí bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ni oníbàárà kan tó ń ṣe ìwé bá rí i. Ẹ̀yìn bébà lòun kọ orúkọ òun sí. Ṣebí inú aṣọ ni aránṣọ ń kọ orúkọ sí, kí ó má baà hàn síta?

Atúnwèéṣe bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló bi mí?" Màmá nu ojú rẹ̀. "Ojú ìwé kẹsàn-án nìkan ló ń dùn mí. Mo gbàgbé bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ aṣọ akọni náà. Tí mo bá ti rántí, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Màmá ṣí ojú ìwé náà. Bọ́tìnnì wà níbẹ̀, wíwọ́, pẹ́ńsù ni wọ́n fi yà á.

"Ta ló bá mi fi sí i?"

Ọmọ ọdún méje ni atúnwèéṣe nígbà tí ìyá rẹ̀ fa etí rẹ̀ pé ó fi pẹ́ńsù ba ìwé ilé ìkàwé yìí jẹ́. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Èmi ni, Mà."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́rin lù, màmá ń pe orúkọ rẹ̀ sínú fóònù fún ilé ìtẹ̀wé, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Atúnwèéṣe yọ pẹ́ńsù létí, ó yí ìdí rẹ̀ tó ní rọ́bà sísàlẹ̀ láti pa bọ́tìnnì náà rẹ́, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ohun tí ọmọdé bá kọ sínú ìwé.

Màmá gbá a lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ó wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó di aṣọ náà mú."