Ẹni Tó Fẹ́ Ṣí Ọjà Fún Ìyá Hiền

"Ìyá, ó ní kí ẹ tún un gbé léjìká. Ó ní akẹtẹ̀ yín ló bo ojú yín."

Duy ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń mú àwọn àlejò káàkiri Hanoi. Òyìnbó tó mú wá láàárọ̀ yìí ga bí òpó iná. Ó di ojú kan, ó sì ki ojú kejì mọ́ kámẹ́rà. Thoa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Hiền, ti akẹtẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ki èjìká bọ abẹ́ ọ̀pá ọparun rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ méjèèjì gbéra nílẹ̀: ìkòkò xôi wà nínú ọ̀kan, ìrẹsì gbígbóná tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àlùbọ́sà díndín wà nínú ìkejì. Tó bá ń rìn, ọ̀pá náà á máa mì sókè sódò, ẹrù á sì fúyẹ́. Ìdúró sójú kan yìí gan-an ló fẹ́ pa á.

"Ṣé ó máa rà á báyìí?"

"Á rà á, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré látàárọ̀! Ṣáà sọ fún un pé òun ló máa ṣí ọjà fún mi o."

Duy rẹ́rìn-ín. Ìyá tirẹ̀ náà ń tajà, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eré kọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ oníṣòwò láàárọ̀ ló ni orí ọjọ́ yẹn. Bó bá fi inú dídùn rà á, ọjà á tà títí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bó bá fọwọ́ kàn án tó sì lọ láì rà á, àfi kí èèyàn dáná sun bébà, kó fi lé aburú náà lọ, síbẹ̀ náà ọjọ́ yẹn ti dàrú. Òyìnbó yìí ti ní kí wọ́n di xôi kan fún òun. Ó wà lórí ọmọrí ìkòkò nínú ewé, ó ń tutù lọ. Thoa kò sì lè fi ọjọ́ kankan tàfàlà, nítorí ìkòkò yẹn ló ń rán Hiền lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọdún kan ṣoṣo ló sì kù kí ọmọ náà jáde.

"Ìyá Hiền! Òjò ń bọ̀ o!"

Mùi, ìyá tó ń ta tíì ní òdìkejì títì, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń ràn kedere. Òjò tí àwọn obìnrin ọjà máa ń sọ ni ọkọ̀ àwọn aláṣẹ wọ́ọ̀dù tó ń kó ẹrù àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì. Mùi kò tíì pa ẹnu dé tó fi gbá àga rẹ̀ mọ́ra tó sì kó sí kọ̀rọ̀.

"Duy, mo ń lọ."

"Ó ti ń wá owó nínú àpò, Ìyá! Ẹ dúró díẹ̀."

Lọ́jọ́ mìíràn, Thoa ì bá ti sá dé ẹ̀yìn ọjà. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó fẹ́ ṣí ọjà? Ó dúró. Ó tún rò ó pé Vượng á wà nínú ọkọ̀ náà, Vượng, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù tó ń jẹ xôi òun lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀, tí kì í gbàgbé láti wúkọ́ kìlọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun.

Vượng wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òun ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wúkọ́.

"Vượng, àbúrò mi, jọ̀ọ́. Ẹnì kankan kò tíì rajà lọ́wọ́ mi."

"Ta ni àbúrò yín? Ẹ fi sílẹ̀!"

Ó fa apẹ̀rẹ̀ kan, Thoa di ìkejì mú. Ọ̀pá tí ọkọ rẹ̀ fi ọ̀bẹ fá títí ó fi bá èjìká rẹ̀ mu ṣẹ́ sí méjì. Ìrẹsì dà sí títì. Gbogbo ìgbà yẹn, kámẹ́rà ń dún ṣáá, tá, tá, tá. Wọ́n ju ìkòkò sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Òyìnbó náà sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó na owó sí i, ó sì sọ nǹkan kan.

"Kí ló wí?"

Duy wo ilẹ̀. "Ó ní kí ẹ má bínú. Ó ní fọ́tò náà dára gan-an."

Thoa kò gba owó. Ọjà wo ló kù tó fẹ́ ṣí?

Nígbà tó lọ bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù, ó rí ìkòkò rẹ̀ nínú àgbàlá, láàárín àga àti òṣùwọ̀n àwọn ẹlòmíràn. Owó ìtanràn ju owó ìkòkò tuntun lọ. Vượng wá sọ̀rọ̀ sí i létí pé owó tí ọ̀gá máa gbà sápò ṣì wà lọ́tọ̀. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kí oṣù náà tó parí, Hiền ti kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Kò sunkún lójú ìyá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Thoa jù.

Nígbà tí Tết, ọdún tuntun wọn, kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́ọ̀dù to òdòdó sí ẹ̀bá títì, wọ́n sì ri pátákó gàgàrà mọ́ ọn. Thoa ń lọ fọ abọ́ nílé oúnjẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ló bá rí ara rẹ̀ lórí pátákó náà. Akẹtẹ̀ ti sẹ́yìn, ọ̀pá wà léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ìlú Wa Rẹwà*. Orúkọ òyìnbó náà tẹ̀ lé e. Ó wá orúkọ tirẹ̀ títí, kò rí i. Ibi tó ti ń tajà tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ri pátákó náà mọ́.

Fèrè dún lẹ́yìn rẹ̀. Vượng ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ le gbagidi. Tọkọtaya kan tó wọ aṣọ ọdún dúró tì í, fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá Hiền, ẹ sún díẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, ẹ dí àwòrán náà."

"Vượng, èmi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ẹ sún."

Thoa sún.